Kí ló ń mú èèyàn fi owó ara rẹ̀ wa bàálù kékeré kiri, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́?

Ọmọ Tákìé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan dé sílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kó tó di ìjà. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Texas. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ń lọ, kì í sì í gbàgbé ilé. Àfi bó ṣe fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: òun rèé nínú bàálù kékeré oníjòókòó mẹ́rin, ó de nǹkan ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. A rò pé wọ́n gbé e ni. Ó ní rárá, òun lòun ń wà á, tíṣà òun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. A bi í bóyá ó fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, fàájì òun nìyẹn. Wákàtí wákàtí ló ń sanwó rẹ̀.

Màmá wa ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bọ̀dá wa àgbà ní owó Amẹ́ríkà ló ń gùn ún. Èmi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe tó? Kí ni ká bi í, ká lè mọ̀ bóyá bó ṣe yẹ ló ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kí àwàdà má pọ̀ ju ìdáhùn lọ. Mo mọ̀ yín.

Bàbá Kajú

Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ó ti kọ́lé? Kó gbé búlọ́ọ̀kù lélẹ̀ sórí ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ná, kó tó máa bá ẹyẹ du òfurufú.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Èmi tí mo máa ń dijú bí ọkọ̀ bá ti ń ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́! Ẹ bá mi kí Màmá. Ààwẹ̀ á gbà.

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí èmi náà ń wà á. Òkè Alápáta ni wọ́n bí mi sí, Canada ni mò ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ní ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú aládàáni, ìyẹn èyí tí kò jẹ́ kéèyàn gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Bí wọ́n bá ti pe bàálù aládàáni ní Nàìjíríà, jẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ló ń wá sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú mopol nídìí àtẹ̀gùn. Ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cessna 172 ni àbúrò yín ń wà. 1955 ló kọ́kọ́ fò, wọ́n sì ti ṣe é ju 44,000 lọ. Kò sí bàálù mìíràn láyé tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ló ní, pòpélà kan níwájú, apá rẹ̀ wà lókè orí. Inú rẹ̀ há ju inú Corolla lọ. Àwọn tó ń wà á ní Amẹ́ríkà àti níbí, tíṣà wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ohun tí wọ́n ń rí, oníkálukú ló ní tirẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá ti gbé e kúrò nílẹ̀, kò sáyè fún nǹkan mìíràn lórí mi mọ́. Ọwọ́ òsì di ìdarí mú, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, ẹsẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ojú ń ti ìta bọ̀ wá sórí aago, ó tún ń padà síta, etí ń gbọ́ ohun tí ilé ìṣọ́ pápákọ̀ ń wí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́, owó ilé, ẹjọ́ ẹbí, gbogbo wọn á dúró nílẹ̀ dè mí. Bàálù ò sì mojú ẹnikẹ́ni. Bí o bá sáré jù nígbà tó o fẹ́ balẹ̀, á tún ta sókè, gbogbo ẹni tó wà ní pápákọ̀ á sì rí ọ. Bó o bá ṣe é re, o ò nílò kí ẹnì kan yìn ọ́ kó o tó mọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, mo lè ṣe é fún oṣù mẹ́fà kí n má mọ̀ bóyá ó wúlò fún èèyàn kan. Ti bàálù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan o ti gbọ́ èsì.

Ti ojú tún wà níbẹ̀. Nínú bàálù ńlá, ìkùukùu funfun nìkan lẹ̀ ń wò. Níbi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ó rí màlúù, ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé. Bó bá di July, canola á tanná níbí, ilẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè títí lọ sí ẹsẹ̀ òkè Rocky. Mo sì máa ń ro bí Ògbómọ̀ṣọ́ á ṣe rí láti ibẹ̀: páànù tó ti pọ́n yí ààfin Ṣọ̀ún ká, igi máńgòrò láàárín agbo ilé, oko kajú lẹ́yìn odi, ọ̀nà Ìlọrin tó ń lọ rèé.

Tíṣà Físíìsì

Kí n bá yín mú ẹ̀rù Màmá fúyẹ́ díẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ní kíláàsì ni pé, bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè ńkọ́? Wọ́n rò pé á já lulẹ̀ gbì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló gbé bàálù dúró, apá rẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ṣàn gba ara apá náà kọjá bó ṣe yẹ, ó ń gbé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ á dorí rẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀ kí eré má bàa tán, á sì máa yọ́ bọ̀ nílẹ̀. Cessna 172 tí wọ́n ń sọ yìí, bó bá fi sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan, á ti lọ síwájú ní bíi mítà mẹ́sàn-án. Èyí tó wà ní kìlómítà kan sókè ní bíi kìlómítà mẹ́sàn-án tó lè fi wá pápá tó tẹ́jú. Wọ́n sì máa ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ léraléra: tíṣà á ṣàdédé fa epo sẹ́yìn, á ní, "Ẹ́ńjìnnì rẹ ti kú o, ibo lò ń lọ?"

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí eré tán lára apá. Bí awakọ̀ bá gbé imú bàálù sókè jù, afẹ́fẹ́ ò ní ṣàn lórí apá náà dáadáa mọ́, apá á sì sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké tagbáratagbára.

Mẹkáníìkì Arójẹ

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn bàálù yẹn ti gbó, pé òmíràn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mọ́tò ogún ọdún tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹ wá wo ohun tójú mi ń rí. Ta ló ń gbé àádọ́ta ọdún gòkè?

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Ọ̀gá mi, òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é tiẹ̀ dáwọ́ dúró ní 1986, ọdún 1996 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ èyí tó ń fò lónìí ló dàgbà ju awakọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ òfin ò gbà kéèyàn máa lò ó títí tó fi máa bàjẹ́. Ọdọọdún ni ẹni tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ tú u yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni lówó ní Amẹ́ríkà, bó bá ti fò fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, wọ́n á tún tú u. Ohun gbogbo tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lára rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti jáde ní iléeṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì náà á dùn mọ́ yín nínú. Púlọ́ọ̀gì méjì ló wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Mágínẹ́ẹ̀tò méjì ló ń fún wọn níná, ọ̀kan ò gbára lé èkejì, àwọn méjèèjì ò sì gbára lé bátìrì. Bátìrì lè kú lókè kí ẹ́ńjìnnì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí awakọ̀ tó gbéra, á pa ọ̀kan kó gbọ́ bí èkejì ṣe ń dún, á tún wá pa ìkejì.

Ṣáájú ìyẹn, á ti rìn yí bàálù po. Á fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife tó mọ́ gaara, á gbé e sókè wò, torí omi lè wọ epo, ìsàlẹ̀ lomi sì máa ń wà. Avgas 100LL ni wọ́n ń pe epo náà. Wọ́n pa á láró búlúù kẹ́nikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Á ti igi bọ táǹkì, kò ní gba aago epo gbọ́. Á wo ọ́ìlì. Á yọjú wo ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, torí ẹyẹ fẹ́ràn àtikọ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Ẹ bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wà á, wọ́n á sọ fún yín pé àyípo yẹn gan-an wà lára ohun tí àwọn fẹ́ràn.

Mẹkáníìkì Arójẹ

Mágínẹ́ẹ̀tò! Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn mọ. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló máa ń dárúkọ ẹ̀. Ó dáa, mo ti fara mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ ta á, kó pè mí.

Ọmọ Tákìé

Ẹ ṣé gan-an. Ewu ńkọ́? Ẹ má fi oyin pa á lára fún mi o.

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Bàálù ńlá tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ láti Èkó lọ Abuja àti eléyìí, ewu wọn ò jọra rárá. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ṣírò wákàtí tí àwọn bàálù kékeré ń fò pa pọ̀, nínú 100,000 wákàtí, ìjàǹbá tó gbẹ̀mí máa ń tó bíi ẹyọ kan. Alùpùpù ni wọ́n sábà máa ń fi wé, wọn kì í fi wé mọ́tò. Nítorí náà, ẹ̀rù Màmá kì í ṣe ẹ̀rù òpè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fà á. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ ni. Ó jẹ́ kí epo tán sójú ọ̀nà. Ó ń yí láti balẹ̀, eré tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí ilẹ̀. Tàbí kó rí ìkùukùu níwájú, kó ní òun á gba inú rẹ̀ kọjá, tí kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ti ìkùukùu yìí ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Bí ojú ò bá rílẹ̀ mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Bàálù lè máa yí sọ́tùn-ún, kí gbogbo ara rẹ máa sọ fún ọ pé gbọọrọ lò ń lọ. Ní 1954, ní Yunifásítì Illinois, wọ́n mú ogún awakọ̀ tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi aago nìkan wa bàálù, wọ́n dí wọn lójú kí wọ́n má rí ìta, tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo ogún ló sọ ìdarí nù. Bí wọ́n bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 lẹnì kọ̀ọ̀kan lò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n pa, ohun tó ṣe é nìyẹn ní 16 July 1999. Òun ló ń wà á, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, kùrukùru wà lójú òkun, kò rí ibi tí omi parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ro ọyẹ́ ní January, nígbà tẹ́ ò ní rí òpó iná tó wà níwájú yín. Eruku yẹn náà ń ṣe iṣẹ́ tí ìkùukùu ń ṣe.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Mo ti ka a tán. Ẹ má ka eléyìí sí Màmá létí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (England)

Ọmọ Tákìé, èmi mọ ohun tó ń ṣe àbúrò rẹ. Nọ́ọ̀sì lèmi náà. Ẹ̀yin tẹ́ ò ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ò mọ ohun tá a máa ń gbé délé. Ẹni tó kú sọ́wọ́ rẹ láago mẹ́rin òru ṣì máa wà lójú rẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí o tilẹ̀ ti wẹ̀, tó o ti jẹun, tó o ti bá àwọn ọmọ ṣeré. Wọ́n ní ká lọ sinmi. Ká sinmi síbo? Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ máa ń padà dé. Ohun tó máa gba orí mi tán pátá ni mo nílò.

Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá lèmi ń wà, glider. Ẹ̀rọ kan á fi wáyà gígùn fà ọ́ sókè láti ilẹ̀, á já ọ sílẹ̀, á ku ìwọ àti afẹ́fẹ́. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ibì kan á gbóná ju ibì kan lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á máa gòkè. Bó o bá rí i, wàá máa yípo nínú rẹ̀, á sì máa gbé ọ lọ sókè láìná kọ́bọ̀ sórí epo. Ojú kì í rí afẹ́fẹ́ yẹn, nítorí náà à ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí mo bá rí àwòdì tó ń yípo tí kò ju apá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń darí sí. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, mo dúró lẹ́bàá Ọjà Jagun, mo ń wò wọ́n lókè, mo ń fi ìka ṣírò ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan bá mi ṣe àmín.

Bó bá yá mo bọ́ sílẹ̀, ó máa ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Tákìé

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó kọ nǹkan tó jọ èyí sábẹ́ fọ́tò yẹn, a ò tiẹ̀ kà á sí. Kí n sọ òótọ́, owó Amẹ́ríkà kọ́ ló ń gùn ún. Láti kékeré ló ti ń fi bébà ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣe bàálù. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́. Ó kù kẹ́ ẹ sọ ohun tí mo máa bi í fún mi.

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Ẹ bi í bóyá ó ti fagi lé fífò rí nítorí ojú ọjọ́, tàbí kó ti gbéra kó sì yí padà. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tó tún ń ráhùn pé inú ń bí òun lọ́jọ́ náà, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bó bá ní òun kì í padà lẹ́yìn, ìgbà yẹn ni kí Màmá pè é fúnra wọn.

Ẹ bi í pé epo mélòó ló máa ń kù bó bá balẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ó ku èyí tó lè gbé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i lójú mọmọ, ìṣẹ́jú 45 lóru. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó mọṣẹ́ máa ń sọ pé kó ku ti wákàtí kan, èmi náà sì fara mọ́ ọn.

Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni, ẹ bi í ní èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi: ṣé ó máa ń fò lọ́jọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé? Ẹni tí kò sùn kì í mọ̀ pé òun ò já fáfá mọ́.

Apá kan wà lọ́rùn ẹ̀yin ẹbí náà. Bó bá gbàwé tán, ẹ má sọ fún un pé ẹ ń retí rẹ̀ ní ìgbéyàwó ní Dallas lọ́jọ́ Sátidé, kó gbé bàálù wá kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé bí òun ò bá dé, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wọnú ìkùukùu, ojúṣe kan ló ń lé wọn lọ.

Ẹ̀yin gan-an, bẹ́ ẹ bá lọ kí i, tó ní kẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́, ẹ béèrè ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè. Awakọ̀ tí ìbéèrè èrò ń bí nínú, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Òǹtajà Ọjà Igbó

Bó bá ní adójútòfò ẹ̀mí, ẹ rán an létí kó ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Wọ́n sábà máa ń béèrè bóyá èèyàn ń wa bàálù. Bó bá ti kọ "rárá" síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó lọ tún un ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kò sí ti àwa tá a wà nílé ni? Orúkọ Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára yunifásítì wa, ó tún wà lára pápákọ̀ Ìbàdàn. Àmọ́ Under G ni mo wà, mi ò rí bàálù kékeré kankan rí ju ti fíìmù lọ.

Tíṣà Físíìsì

Ọmọ mi, ó jìn díẹ̀ ni, kò jìn jù. Ìlọrin tó wà nítòsí wa yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Zaria, láti 1964. Ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, ọmọ ọdún 17 lè gbà á, kó ti fò tó 40 wákàtí ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ kì í parí rẹ̀ ní 40. Àwọn NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù nílẹ̀ wa, ló ń fún ni níwèé.

Ibi tó ti le fún wa ni lẹ́yìn tí o bá gbàwé tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ kọ́ ọ nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe fàájì kò ní tètè rí ẹgbẹ́ tó máa yá a ní bàálù bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Avgas ò sì sí káàkiri. Ìwé àṣẹ lórí ìwé àṣẹ, títí kan ti ààbò. Drone lásán, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó o tó gbé e sókè.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun òyìnbó ni. Bessie Coleman, aláwọ̀ dúdú ni, 1892 ni wọ́n bí i ní Texas tí àbúrò Ọmọ Tákìé wà yìí. Èékánná ló ń bá àwọn èèyàn tún ṣe ní Chicago. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á ní Amẹ́ríkà, ó bá kọ́ èdè Faransé, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé, wọ́n sì fún un níwèé àṣẹ ní 15 June 1921. Èyí tó tún sún mọ́ wa ni ọmọ Nàìjíríà kan, Ademilola Odujinrin: òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dá nìkan wa bàálù yí gbogbo ayé ká. Ó parí rẹ̀ ní 29 March 2017, nínú Cirrus SR22, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan. Irú bàálù yẹn ní párásúùtì ńlá tó lè gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èrò inú rẹ̀ àti ẹrù wọn.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Párásúùtì fún bàálù fúnra rẹ̀? Eléyìí ni kẹ́ ẹ kà sí Màmá létí.

Bàbá Kajú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Eélòó?

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Bàbá, kò pọ́ọ́kú. Ní Amẹ́ríkà, láti yá 172 fún wákàtí kan, níbi púpọ̀ ó ń lọ láàárín 150 sí 200 dọ́là, epo wà nínú rẹ̀. Ó ń mu bíi lítà ọgbọ̀n ó lé ní wákàtí kan. Kéèyàn tó gbàwé àṣẹ, ó lè ná an tó mọ́tò tokunbọ̀ kan tó dáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ẹgbẹ́: èèyàn mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jọ ra ẹyọ kan tó ti gbó, wọ́n á máa pín ọjọ́ lò ó. Àwọn mìíràn á san díẹ̀díẹ̀, owó tán, wọ́n á dúró, oṣù mìíràn wọ́n á tún padà. Bó bá gbé ọ̀rẹ́ mẹ́ta, wọ́n lè jọ pín owó epo àti owó àyálò dọ́gba, òun náà á san tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kìlọ̀ fún un dáadáa, torí àwọn ọmọ wa ní Houston á fẹ́ sọ ọ́ di dánfó.

Ibi tí wọ́n ń lọ á pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Amẹ́ríkà á fò fún wákàtí kan lọ sí pápákọ̀ kékeré ìlú mìíràn, wọ́n á jẹ búrẹ́dì onẹ́ran, wọ́n á fò padà sílé. Wọ́n á ní hámbọ́gà ọgọ́rùn-ún dọ́là làwọn lọ jẹ. Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní pápákọ̀ ni, kò ní ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ láti fò lọ jẹ àmàlà n'Íbàdàn.

Bàbá Kajú

Kí wọ́n máa fò lọ jẹun! Ọgọ́rùn-ún dọ́là, ẹ bá mi yí i sí náírà. Rárá, ẹ má yí i.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Bàbá Kajú, ẹ má bínú sí mi o, ọmọ yín ni mí. Léèsì ni mò ń tà, mo sì mọ ohun tí ilé yín rà lọ́wọ́ mi nígbà òkú Ìyá Àgbà. Ẹ pa màlúù, ẹ gbé olórin wá láti Ìbàdàn, ẹ ná owó mọ́jú. Ta ló bi yín pé kí lẹ rí níbẹ̀? Inú yín dùn, inú wa náà dùn. Ọmọ yẹn ò pe ẹnikẹ́ni kó wá rà aṣọ ẹbí fún bàálù rẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́ sílé.

Bàbá Kajú

Ìyá Ìbejì, o ti ju òkò sínú ilé. Mo ti gbọ́. Kó ṣáà ra sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i.

Ọmọ Tákìé

Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo bi í ní ti iṣẹ́ òru, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní tíṣà òun ti bá òun sọ ọ́, pé ọjọ́ tí òun bá ti sùn nílé fún òru kan gbáko nìkan lòun á máa lọ báyìí. Màmá ní kó máa pe àwọn bó bá ti balẹ̀, kì í ṣe kó tó gbéra.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Tíṣà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Awò ni mò ń lò. Ṣé wọ́n máa gbà mí ní Ìlọrin?

Ọmọ Ògbó ní Alberta

Kí n bá Tíṣà dáhùn. Má san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kankan kí dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí fún iṣẹ́ òfurufú tó yẹ̀ ọ́ wò. Awò kì í dínà fún ẹnikẹ́ni, bó o bá ti lè fi ríran kedere. Èmi náà ń lò ó, mo sì máa ń mú òmíràn dání. Àwọ̀ ni kó o lọ yẹ̀ wò, pàápàá pupa àti àwọ̀ ewé. Bí rédíò bá kú lókè, iná ni ilé ìṣọ́ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: pupa, àwọ̀ ewé, funfun. Bó o bá lọ, mú gbogbo oògùn tó ò ń lò dání, kó o sì sọ òótọ́ fún un.